Gìgísẹ̀ Ọ̀tún Lára Ẹsẹ̀ Òsì

Wọ́n jí gìgísẹ̀ àgbò mi, wọ́n sì fi mùdùnmúdùn san olè náà lẹ́san.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Agbowó. Òórùn ẹran díndín ṣì wà lára aṣọ gbogbo wa, jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé kejì sì ń pariwo. Ìyá àgbà wa, tí wọ́n ti Ṣakí wá bá wa gbé, ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí alápatà fi àáké fọ́ ẹsẹ̀ àgbò. Oríkèé ni wọ́n máa ń ní kí ó ti gé e. Tí a bá jẹ ẹran tán, a ó fọ eegun mọ́, a ó dà á sórí ẹní, á máa ró kokoko. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún jẹ́ tèmi, ti òsì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ẹni tó bá to eegun tirẹ̀ padà di odindi ẹsẹ̀ ló máa fa mùdùnmúdùn inú eegun itan méjèèjì.

“Orúnkún rẹ̀ dà?” Ìyá àgbà bi mí.

Mo nawọ́ sí ibi tó tẹ̀ sẹ́yìn.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Gìgísẹ̀ nìyẹn! Orúnkún wà lókè, nítòsí ikùn. Pátákò yìí, èékánná ni. Òun ni àgbò fi ń rìn. Ó gbé gìgísẹ̀ sókè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gùn, kó lè sá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo bá rán yín ní iyọ̀, ọbẹ̀ á ti jinná kí ẹ tó dé.”

Ni a bá ń fi orí ìka ẹsẹ̀ sáré yí ẹní ká, à ń ké bí àgbò. Nígbà tí mo padà jókòó, gìgísẹ̀ mi ti pòórá. Ti ẹ̀gbọ́n mi pé pérépéré, àmọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ kò jókòó dáadáa. Ẹ̀bà ló fi lẹ̀ ẹ́. Mo figbe ta.

“Ajá ló gbé tìẹ lọ,” ló wí. Bẹ́ẹ̀, a ò sin ajá.

Ìyá àgbà fi ìka kan ẹ̀bà náà, wọ́n wò mí títí, wọ́n sì gbé mùdùnmúdùn fún un. “Ìwọ, máa wá tìẹ.”

Mo wá a títí dé yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ ìṣègùn ẹran. Lọ́jọ́ kan tí à ń to eegun àgbò, mo ṣèèṣì gbé gìgísẹ̀ ọ̀tún sára ẹsẹ̀ òsì. Kò jókòó. “Ẹ̀bà!” ni mo pariwo, gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Gìgísẹ̀ tèmi ni ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀bà lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Títí dòní, bí ẹran bá tiro wọlé wá bá mi ní Ring Road, kí n tó bi ẹni tó ni ín léèrè, ọwọ́ mi á ti wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, etí mi á sì máa gbọ́ ẹ̀rín Ìyá àgbà. Wọ́n mọ̀. Ó dá mi lójú pé wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ, mi ò lè pè wọ́n lẹ́jọ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà, ní Akobo. Ẹ̀gbọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àgbò Iléyá tó ń bọ̀, ẹ dáhùn. Ta ló jẹ gìgísẹ̀ òsì? Ajá wo? Mùdùnmúdùn mi dà?