Àríyànjiyàn Lórí Aṣọ Ayaba

Tí ìyá kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ní Ogui New Layout bá ń wo fíìmù, a kì í sinmi. Á dá a dúró, á sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á ní, “Ẹ wo ọrùn ẹ̀. Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ tó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan rèé?” Fíìmù ayaba kan tó ń gun ẹyẹ ló fẹ́ràn jù, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n sì jọ máa ń jiyàn lé e lórí.

Nígbà tí ọmọ náà fi yunifásítì sílẹ̀, tó lọ ń rán aṣọ fún àwọn onífíìmù ní Asaba, ìyá sọ̀rọ̀ líle sí i. Láti ìgbà náà, ọmọ kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Lọ́dún yìí, fíìmù tuntun jáde nípa ìgbà èwe ayaba náà. Mo bẹ ìyá títí tó fi wá wò ó nílé wa. Kò pẹ́ tó fi gbé fóònù, tó gbohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ: “Wọ́n wọ aṣọ wúrà fún un. Ṣebí ó sọ nínú ti àkọ́kọ́ pé òun ò wọ wúrà rí?”

Èsì dé kí fíìmù tó parí: “Mọ́mì, no be so. Irọ́ ló pa nígbà yẹn, ojú ń tì í ni. Aṣọ yẹn dáa gan-an.”

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó pè é, ọmọ sì gbé e. Ọkàn èmi náà balẹ̀, mo pa tẹlifíṣọ̀n.

“Wá ṣàlàyé fún mi,” ìyá wí. “Báwo lẹ ṣe ń rán irú ẹ̀?”