Igun Tí Mòńwòó Ń Kọjú Sí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ojúọlá fi gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ní Igbógílà, kó tó fẹ̀yìn tì, tó padà sí ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìmàṣàyí. Àwọn tó gún nígbà náà ti di bàbá ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá rí i lọ́nà, wọ́n á máa fọwọ́ ra apá, wọ́n á ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ó ṣì ń dùn wá o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé tó sì ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rín náà á kú sí i lẹ́nu. Oyèkúnlé ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Olúwadárasími, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, wà nílé ọkọ ní Àjàṣẹ́, ní òdì kejì ẹnubodè. Ilé oníyàrá mẹ́fà ló wá ku Ojúọlá nìkan sí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni olè wá kó adìẹ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí Dárasími gbọ́ lórí fóònù, ó ní, "Màmá, ẹ wá ajá sílé."

"Ajá kẹ̀? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?"

"Ajá kékeré ni mo wí. Tẹ́ríà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi níbí. Kò ju ológbò tó sanra lọ, ṣùgbọ́n bí èèrà bá ń rìn, á gbọ́."

Ohun tí Ojúọlá kò jẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ adìẹ kọ́ ló ká òun lára jù. Ìdákẹ́jẹ́ ilé náà ni. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí gbogbo ará àdúgbò ti gba oko lọ, ìdákẹ́jẹ́ kan á sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá ẹ̀yìn tó ń sùn, àfi bí ẹni pé ẹnì kan sé èémí mọ́nú níbẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun wà.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ìlaròó, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nathaniel, tó ń sin ajá tà. Ọmọ ajá márùn-ún ló wà nílẹ̀, funfun báláú, tí etí wọn ní àwọ̀ obì. Ojúọlá nawọ́ sí èyí tó kọ́kọ́ sáré wá pàdé rẹ̀.

"Màmá, ẹ má kánjú," Nathaniel wí. "Èyí tó sáré pàdé yín yẹn, alágídí ni, apá yín ò ní ká a. Èyí tó sá sábẹ́ àga lọ́hùn-ún, ojo ni, ojo ajá ló sì ń tètè buni jẹ. Èyí tó jókòó tó ń wò yín yìí ni kẹ́ ẹ mú."

Abo ni. Ojúọlá gbé e lé itan, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun wá fún un ní ilé ìwòsàn. Ó la ẹnu rẹ̀, ó rí i pé èrìgì rẹ̀ pọ́n dáadáa. Ó wo ìpéǹpéjú, ó fọwọ́ tẹ ikùn bóyá aràn ti mú un wú, ó wo inú etí bóyá eégbọn wà níbẹ̀. Ó ta ìka lẹ́yìn orí rẹ̀. Ajá náà rọra yíjú, ó wo ìka náà, ó tún wo ojú Ojúọlá.

"Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ o," Nathaniel wí bó ti ń tẹ̀ lé e jáde. "Eku ni wọ́n fi àwọn baba ńlá ajá yìí dọdẹ lókè òkun. Bí eku bá kó sí ihò, àwọn náà á kó sí i. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ kì í pamọ́ fún wọn. Bó bá ń walẹ̀, ẹ má nà án. Ẹ wo ohun tó ń wá."

Ojúọlá sọ ajá náà ní Mòńwòó, kí ẹni tó ń kó adìẹ lè máa gbọ́ ọ bó bá ń pè é. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Ayétòrò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọ́n sì fún un lóògùn aràn. Ojúọlá ya káàdì fún un bíi ti ọmọ ọwọ́, ó kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń bọ́ ọ, ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja tó ti yọ eegun rẹ̀ kúrò. Kò jẹ́ kó fẹnu kan eegun adìẹ, nítorí ó máa ń ṣán wẹ́wẹ́, á sì gún ìfun. Ní gbogbo Sátidé, á tẹ́ ẹ sórí ẹní, á fi kóòmù ya irun rẹ̀, á máa ṣa eégbọn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ wọ́n á jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà oko, nítorí ajá bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ jókòó gẹlẹtẹ. Bí iṣẹ́ kò bá sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á máa gé bàtà inú ilé jẹ. Kí oṣù tó yípo, Mòńwòó ti mọ "jókòó", ó mọ "dúró", ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń nawọ́ fún àgbà.

Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe. Kò gbó rí.

Bàbá Ṣàíbù nìkan ni kò fẹ́ kó sún mọ́ òun. Ilé wọn kángun síra, bàbá náà sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. "Ìyàwó Oyè," á pè láti ẹ̀yìn ọgbà, "ajá rẹ wuyì, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jìnnà sí aṣọ mi o, mo ti ṣe àlùwàlá Àlàásàrí." Ojúọlá kò bínú. Bàbá Ṣàíbù kò wọ ilé wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ojúọlá níyàwó. Kódà nígbà tí Oyèkúnlé kú, ojú fèrèsé ló dúró sí kí wọn.

Ìgbà ọyẹ́ ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Mòńwòó á dìde níbi tó sùn sí, á wọ yàrá ẹ̀yìn, á lọ jókòó kọjú sí igun tí àpótí aṣọ Oyèkúnlé wà. Á da orí sí ọ̀tún, á dà á sí òsì, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe bí Ojúọlá bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ìrù rẹ̀ á máa gbálẹ̀. Nígbà mìíràn á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á nà án síwájú.

Ojúọlá ní eku ni. Ó dẹ pàkúté, ó tẹ́ gọ́ọ̀mù tí ń lẹ eku mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, aáyán pàápàá kò kó sí i.

Lọ́jọ́ kan ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mòńwòó gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà rẹ̀ wọlé, ó jù ú sílẹ̀ ní igun, ó fẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó wá dúró. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń dúró bó bá fẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù padà fún òun. Bọ́ọ̀lù náà dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Lẹ́yìn náà ó yí. Ó rọra yí padà, láìyára, títí ó fi kan ẹsẹ̀ ajá.

Ẹ̀gúsí dànù lẹ́sẹ̀ Ojúọlá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìlera kì í ké ìbà kó tó fi ohun ìwọ̀n há ọmọ lábíyá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ilẹ̀ yàrá ló dagun. Ó lọ mú ọsàn kan wá, ó gbé e sílẹ̀ láàárín yàrá. Ọsàn náà yí lọ sí igun, ó lọ gbá àpótí. Ó mú un, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó tún yí lọ. Ilẹ̀ dagun lóòótọ́, ṣùgbọ́n sínú igun ló dagun sí. Kò sí bí bọ́ọ̀lù ṣe lè ti ibẹ̀ yí wá.

Ìta ló jókòó sí lọ́jọ́ náà títí àwọn ará oko fi dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni kó wí? Pé ajá òun ń bá igun yàrá ṣeré?

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ki ara rẹ̀ láyà, ó ní òun yóò wọ́ àpótí náà kúrò, kí òun wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó káṣọ mọ́ra, ó wọlé. Ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ kan àpótí ni Mòńwòó fò dìde, ó sì gbó. Ohùn náà ju ara ajá lọ. Inú ilé dún gbì. Ó ki ẹnu bọ etí ìró Ojúọlá, ó ń fà á sẹ́yìn.

"Fi mí sílẹ̀! Kí ló ń ṣe ọ́?"

Ajá fà, Ojúọlá fà. Ìró ya fàà, Ojúọlá sì ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ sẹ́yìn, ó fìdí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó ti ń ṣí ẹnu láti bú ajá ni ilẹ̀ igun yẹn dún kẹ́ẹ́. Sìmẹ́ńtì là bí èèpo búrẹ́dì gbígbẹ. Àpótí Oyèkúnlé mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì rì. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ìró kankan. Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀ pátápátá, omi dáhùn.

Atẹ́gùn tútù jáde látinú ihò náà, ó ń rùn bí ewé tó ti pẹ́ nínú omi. Mòńwòó ti dákẹ́. Ó wọ́ dé etí ihò, ó dùbúlẹ̀ lórí ikùn, ó ń wo ìsàlẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ń jù.

Ojúọlá figbe ta. Gbogbo èèyàn ti lọ sóko, Bàbá Ṣàíbù nìkan ló gbọ́. Ó dé tòun ti ọ̀pá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò wọlé. Ó dúró títí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Nígbà tó rí ihò náà, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àrìnpé," ó wí wẹ́lẹ́.

Mòńwòó gbé orí sókè, ó wo inú ihò, ó wá wo bàbá náà.

"Ta ní ń jẹ́ Àrìnpé, Bàbá?"

Bàbá Ṣàíbù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kànga ilé yìí nìyẹn. Ọdẹkúnlé, bàbá àgbà ọkọ rẹ, ló gbẹ́ ẹ. Àrìnpé ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí àwọn àgbà bá ti lọ sóko, àwa méjèèjì á máa ju ọsàn síra wa níbí. Ọjọ́ kan, mo jù ú kọjá orí rẹ̀, ó bọ́ sínú kànga. Èmi ni mo ní kó lọ yọjú wò ó."

Ó ṣa ègé sìmẹ́ńtì kan nílẹ̀, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.

"Wọ́n yọ ọ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n sì sin ín. Ọdẹkúnlé fi pákó bo kànga, ó tẹ́ sìmẹ́ńtì lé e, ó kọ́ yàrá sórí rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ náà mọ́. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ti kú. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin nìyí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni."

"Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́fà ni yín nígbà náà."

"Òun náà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni."

Ojúọlá bá a mú ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Ní ọjọ́ kejì, Iṣẹ́olúwa bíríkìlà kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá pẹ̀lú òkúta àti yẹ̀pẹ̀ pupa láti dí kànga náà. Wọ́n ní àpótí kò ṣeé yọ. Ojúọlá sì sunkún aṣọ ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ rẹ̀ fún un. Kí wọ́n tó ju òkúta àkọ́kọ́, Bàbá Ṣàíbù bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bọ́ síta fún òun. Ojúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ bàbá náà kó má baà ṣubú. Kò gbọ́ ohun tí bàbá náà ń sọ, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á tún sọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Ní gbogbo ìgbà tó bá dákẹ́, Mòńwòó á da orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Dárasími sunkún lórí fóònù pé kí ìyá òun máa bọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ojúọlá ní rárá, ilé òun nìyí. Yàrá iwájú ló kó lọ. Mòńwòó wá di ajá bí ajá: ó ń gbó ọ̀kadà, ó ń lé aláǹgbá, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan adìẹ mọ́.

Bàbá Ṣàíbù ń wá lójoojúmọ́ báyìí. Á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé kẹ́tùlù omi àlùwàlá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ajá, á máa sọ ti Àrìnpé: bó ṣe máa ń jí ẹ̀pà, bó ṣe máa ń fi ẹnu fọn ewé. Mòńwòó á dùbúlẹ̀ ní ìkángun kejì ẹní náà. Àárín àwọn méjèèjì á ṣófo, àyè tí kò ju ti ọmọ kékeré lọ.

Lọ́jọ́ kan, Purity tó ń kọ́rin ní ìjọ Ojúọlá yà wá kí wọn. Bó ti fẹ́ jókòó sí àárín yẹn ni Bàbá Ṣàíbù rọra na ọ̀pá síwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, má jókòó síbẹ̀."

Purity wo ẹní tó ṣófo, ó wo Ojúọlá. Ojúọlá ti dìde, ó ti ń wọlé lọ gbé àga fún un.