Ẹ̀kúnwó Láìkúnlẹ̀

Òórùn ọ̀dà tútù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi láràárọ̀ bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ring Road, nítorí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé là ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, wọ́n sì gbà mí kí n máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Yàrá kan ní Agbowó ni mò ń gbé nígbà náà, níbi tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jọ ń tò síwájú balùwẹ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí mi nínú táì mi, ẹ ó rò pé èmi ni mo ni ilé-iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé ojú àánú ló fi ń wo ọ̀rọ̀ owó oṣù ni. Tí ọdún tuntun bá ti wọlé, a ó máa wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, kálukú á sì ro ẹjọ́ ilé rẹ̀. Onílé ti fi kún owó ilé, ìyàwó ti bí ìbejì, ara ìyá kò yá. Bí ẹjọ́ bá ṣe wọ ọ̀gá lọ́kàn tó ni ẹ̀kúnwó ṣe máa pọ̀ tó. Dírẹ́bà kan wà láàárín wa tí omijé rẹ̀ kò jìnnà rárá. Lọ́dọọdún ni tirẹ̀ ń pọ̀ jù.

Ìyá kan wà níbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọlọ́dà. Opó ni, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Síbẹ̀ owó oṣù rẹ̀ kò kúrò lójú kan, nítorí kì í wọ ọ́fíìsì yẹn lọ. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ohùn ẹni tó kàwé.

“Iṣẹ́ ni mo wá ṣe níbí, ọmọ mi,” ó ní. “Wọ́n sì ń rí iṣẹ́ náà. Kí ni mo tún fẹ́ lọ kúnlẹ̀ sọ?”

Èmi ní tèmi ti tọ́jú ẹjọ́ sílẹ̀. Mo ti rí yàrá kan ní Bódìjà tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀, mo sì ti sọ fún onílé pé mò ń bọ̀, mo ti ń dágbére fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó. Nígbà tó kàn mí, kí n tó la ẹnu rárá ni ọ̀gá ti pe owó tó ju èyí tí mo fẹ́ tọrọ lọ, torí ó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì mi. Bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́ ni ọ̀rọ̀ Ìyá Ọlọ́dà sọ sí mi lọ́kàn. Mo bá ní kí ẹ̀kúnwó máa tẹ̀lé iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe àti ọdún tó ti lò, kí a sì lẹ ìlànà náà mọ́ ògiri kí gbogbo èèyàn rí i.

Ọ̀gá bi mí pé, “Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Tá a bá ṣe é bó o ṣe wí yìí, tìẹ ló máa kéré jù. Ṣé o gbọ́?”

Mo gbọ́ dáadáa. Mò ń wo balùwẹ̀ Bódìjà bó ṣe ń lọ, ó sì dùn mí, n kò ní parọ́.

“Mo gbọ́, sà,” mo ní. “Ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí mi kò pé, ṣùgbọ́n ó gbà. Dírẹ́bà wa bá mi yan odì fún ìgbà pípẹ́. Ní Agbowó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí mi lórí ìlà pẹ̀lú ike omi, wọ́n ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì kó lọ ni?”

Lónìí, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni mo wà ní Challenge, èmi ni mo sì ń bójú tó owó oṣù níbẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá, ilé mi sì ní balùwẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Kò sí èyí tí mo fi ń yangàn tó ọjọ́ tí ẹ̀kúnwó yẹn kọ́kọ́ wọlé. Fóònù Ìyá Ọlọ́dà dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ọ̀dà. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó ka ohun tí báńkì kọ, ó tún un kà. Mo dúró nítòsí, mo ti gbọ́rùn sókè, mò ń retí ọpẹ́ mi. Ó fi fóònù sápò, ó padà sídìí àgbá rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ fún ọ̀gá, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà.