Ọjọ́ Kan Péré Tí Màmá Áyọ́ọ̀nù Ń Bèèrè

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú tó wọ bàtà, tó há àpò mọ́ abíyá, tó ń rìn láàárín ìgboro, Màmá Áyọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ wá wò lọ́sẹ̀ tí ọdún Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀ yẹn. Àwọn ará ibiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń lọ aṣọ ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Aṣọ tábìlì, aṣọ ibùsùn, àpò ìrọ̀rí: kó tó parí òkìtì kan, wọ́n ti da òmíràn síwájú rẹ̀, oru omi gbígbóná á sì bo ojú rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kì í tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Kérésì. Ọjọ́ yẹn gan-an lolówó ń kó ìdílé rẹ̀ wá jókòó ti tábìlì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un, àwọn ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Ọdún yìí ló fẹ̀yìn tì. Kò bèèrè aṣọ, kò bèèrè bàtà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì ṣáà wá jókòó sí pálọ̀ òun lọ́jọ́ Kérésì, kí àwọn jọ jẹun, kí wọ́n má ṣe kánjú lọ. Ọjọ́ kan péré! Ṣé ìyẹn náà ti wá di ẹ̀bẹ̀?

Ó pe èyí àgbà lórí fóònù. Ajíhìnrere ni wọ́n ń pè é nínú ilé, láti ìgbà tó ti lọ dara pọ̀ mọ́ ìjọ tuntun kan tí ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ mọ́.

"Ẹ má bínú, Màmá, mi ò ní lè wá. A kì í ṣe Kérésì ní ìjọ wa. Kò síbi tí Bíbélì ti dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ló ń bọ oòrùn lákòókò yẹn. Igi tí wọ́n ń tan iná sí yẹn ńkọ́? Àwọn abọ̀rìṣà ilẹ̀ olótùútù ló ń gbé ewé tútù wọlé. Ọdún òrìṣà ni, wọ́n kàn da aṣọ ìjọ bò ó ni."

"Èmi ni mo ń bọ oòrùn?" Ohùn Màmá ti lọ sókè. "Èmi tí mi ò rí oòrùn sójú lábẹ́ ilẹ̀ yẹn?"

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí."

"Ta wá ni? Ṣé ará Róòmù ló bí ẹ ni?"

Ajíhìnrere ní òun fẹ́ lọ gbàdúrà, ló bá pa fóònù. Màmá pòṣé títí ẹnu fi ń ro ó.

Ó ku àbúrò, ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan láàárín ìgboro. Òun ti ní àwọn ò ní ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ọdún. Màmá ò pè é lórí fóònù mọ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ fúnra rẹ̀. Háà! Iná ń ṣẹ́jú lára igi oníke. Bàbá Kérésì kan fi òwú ṣe irùngbọ̀n, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó sì ń ya fọ́tò pẹ̀lú ẹni tó bá ti rajà. Níbi tí wọ́n máa ń gbé ibùjẹ ẹran àti ère Jésù ọmọ jòjòló sí tẹ́lẹ̀, áyọ́ọ̀nù oníná ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ wọn lọ́rùn. Áyọ́ọ̀nù o! Ẹni tó fẹ́ fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ọmọ jòjòló náà dà?" ó bi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí táì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún lọ́rùn pa.

"Màmá, gbogbo ẹlẹ́sìn ló ń bá wa rajà. Ọdún ìsinmi la ń pè é báyìí."

"Ìsinmi ta ni? Ìsinmi tí ọmọ mi ò ní gbà?"

Àwọn oníbàárà yíjú. Ọmọbìnrin náà sáré wá, ó fa ìyá rẹ̀ wọ inú yàrá ẹ̀yìn, láàárín páálí.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

"Ọjọ́ kan péré ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi!"

"Ọdún wo lẹ bá wa ṣe é rí?"

"Tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, kí lẹ ò bá jẹ?"

"Mo mọ̀, Màmá. Èmi ti mọ̀. Bọ̀dá ti ròyìn fún mi. Ẹ lọ bá a nílé, ẹ yéé bá ará Róòmù jà."

Lọ́jọ́ Kérésì, Màmá gbé abọ́ adìyẹ díndín sórí ọwọ́, ó gun àtẹ̀gùn ilé Ajíhìnrere, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń to èébú jọ bó ṣe ń gùn ún. Ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó sì dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, mo ti sọ pé èmi kì í ṣọdún."

"Ta ló ń ṣọdún? Mo wá wo ọmọ mi. Ṣé ìyẹn náà ti Róòmù wá ni?"

Ojú Ajíhìnrere kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò dárúkọ Bíbélì.

"Ọdọọdún lẹ máa ń ní ẹ máa tètè dé. Màá gbé àbúrò mi lé itan lórí àtẹ̀gùn, màá máa purọ́ fún un pé ẹ ti dé ìkòríta. Kẹ́ ẹ tó dé, ó ti sunkún sùn. Ẹ̀yin náà á sì sùn lọ fọnfọn, tẹ̀yin ti bàtà. Ọjọ́ tí pásítọ̀ wa sọ pé irọ́ ni Kérésì, inú mi dùn, Màmá. Mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́."

Màmá wá èébú tó ti tò jọ, kò rí ọ̀kan. Ìbínú náà ṣì wà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ yìí ló ń bí i nínú mọ́. Gbogbo aṣọ tábìlì funfun tó ti lọ̀ láyé rẹ̀ ni, kí àwọn ẹlòmíì lè jókòó ti ọmọ tiwọn.

"Ẹ ti pẹ́ jù, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀. Sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Ó sún sẹ́yìn.