Ọkọ̀ Bàbá Ishaq Tó Dojú Dé

Gàníyù Adésànyà ò jogún iṣẹ́ sinimá. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ní abúlé kan lẹ́bàá Eleko. Iná ló kọ́kọ́ ń rù fún àwọn tó ń ya fíìmù, nígbà tí igbó ṣì wà lọ́tùn-ún lósì títì márosẹ̀ Lẹ́kkí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, ó di ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ fíìmù ní Lẹ́kkí Phase 1. Ohun kan ṣoṣo ló gbé e débẹ̀: ọmọ ibí ni. Abúlé tí wọ́n bá ti lé oníkámẹ́rà, bí Gàníyù bá dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, tó dárúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á ní kó wọlé.

Ohun kan náà ló dójú tì í.

Fíìmù kan nílò ọkọ̀ apẹja méjìlá lójú òkun. Àwọn ará abúlé rẹ̀ kì í wọ òkun lọ́jọ́ Ẹtì, èèwọ̀ ni, gbogbo ọkọ̀ á sì wà létí omi. Gàníyù rò ó pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù ẹja ló dáa jù. Ó lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Ishaq, olórí àwọn ọlọ́kọ̀.

"Gàníyù, ṣé o mọ ọjọ́ tí ò ń dá yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. A ò ní ju àwọ̀n. Àwòrán lásán ni."

Bàbá gbà pé kí wọ́n kó ọkọ̀ jáde. "Torí ìwọ ni o."

Lẹ́yìn oṣù méje, wọ́n fi fíìmù náà hàn nílé sinimá kan ní Oniru. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ nígbà tí àwọn ọkọ̀ yọ. Àga tí Gàníyù fi sílẹ̀ fún Bàbá ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, ó wakọ̀ lọ sílé.

Ọkọ̀ Bàbá nìkan ni wọ́n dojú rẹ̀ dé lórí iyanrìn. Adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Bàbá jókòó, ó ń bá ẹlòmíì tún àwọ̀n ṣe.

"Ọ̀gá sinimá, ẹ káàbọ̀ o," Sìlífátù, ìyàwó Bàbá, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé adìẹ wa lẹ wá yà?"

Òun náà ló là á yé e. Nítorí ọjọ́ Ẹtì yẹn, àwọn àgbà ti ní kí Bàbá má wọ òkun fún ọdún kan. "Ó ní òun ló gbàgbé ọjọ́. Ẹni tó ń ka ọjọ́ fún gbogbo abúlé! Àwọn ọmọdé ń bi í pé, 'Bàbá, òní kí ni?' Kò dárúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan."

Gàníyù ò lè gbójú sókè. Ó dìde, ó kọrí sílé Baálẹ̀.

"Jókòó," Bàbá ní. "Bó o bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí kámẹ́rà rẹ wọ abúlé kankan létí òkun yìí mọ́. Kí lo máa wá jẹ́ ní Lẹ́kkí?"

Gàníyù lọ síbẹ̀ náà. Ó dojú bolẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"A mọ̀," Baálẹ̀ ní. "Ọjọ́ tí Bàbá Ishaq purọ́ yẹn la ti mọ̀. Ìwọ là ń retí. Oṣù méje gbáko, Gàníyù."

Wọ́n gba orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: kò gbọdọ̀ fi tọrọ àyè níbikíbi mọ́. Wọ́n sì ní kí Bàbá gbé ọkọ̀ rẹ̀ dìde.

Òun àti Bàbá jọ gbé e ni. "Dì í mú dáadáa, àbí ọwọ́ sinimá nìyẹn?" Gàníyù ò rí ẹ̀rín rín.

Ẹyin mọ́kànlá ló wà lábẹ́ ọkọ̀. Sìlífátù kà wọ́n sínú igbá níkọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀, ó sì gbé wọn wọlé láì fún un ní ẹyọ kan.