Kókó Tó Lé Daddy Lọ Sùn ní Pálọ̀

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní clinic àwọn obìnrin ní Woolwich, nílùú òyìnbó, ìyá kan wá láti àdúgbò Thamesmead Moorings. Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní ìdúró tẹ́ àwọn lọ́rùn.

"Mummy, kí ló ń ṣe yín?"

"Orúnkún ni."

Mo wo bí wọ́n ṣe yàkàtà, bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé orúnkún yìí ò ga díẹ̀ ju ibi tó yẹ kó wà lọ?"

Wọ́n fẹ́ fajú ro, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti yọ lẹ́nu wọn.

Kókó kan ló wú sí ẹ̀gbẹ́ ojú ara wọn, ó tó ẹyin adìyẹ, ó pọ́n, ó sì gbóná. Ṣùgbọ́n ìrora nìkan kọ́ ló gbé wọn wá.

"Ọkọ mi ló kó àrùn ràn mí," ni wọ́n wí. "Mo ti lé wọn lọ sùn ní pálọ̀. Mi ò tíì sọ ìdí fún wọn."

"Ṣé Daddy ò bèèrè ni?"

"Wọ́n ń bèèrè. Bí wọ́n bá ti bèèrè, màá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ẹ̀mí."

Mo ṣàlàyé pé ihò tínńrín kan wà lápá ọ̀tún ẹnu ojú ara, òmíràn wà lápá òsì, tí omi tó ń mú ibẹ̀ tutù ń gbà jáde. Ibi tí omi yẹn ti ń wá là ń pè ní Bartholin. Bí ihò náà bá dí, omi á kóra jọ, á di kókó. Bí kòkòrò àìsàn bá wọ̀ ọ́, á di ọyún. Èyí tó kéré tí kò dunni, jíjókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè tó o. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé àrùn ìbálòpọ̀ lè fà á nígbà mìíràn, a ṣe àyẹ̀wò.

Dókítà gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó pa ìrora ibẹ̀, ó là á díẹ̀, ọyún jáde. Ó fi rọ́bà kékeré kan síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó má baà tún dí. Mummy ti lé ní ogójì ọdún, nítorí náà dókítà gé ẹran ibẹ̀ bíńtín fún àyẹ̀wò, kó lè dá a lójú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Nígbà tí wọ́n padà wá gba èsì, gbogbo rẹ̀ ló mọ́: kò sí àrùn ìbálòpọ̀, kò sí jẹjẹrẹ. Mummy ká ìwé èsì náà sínú àpò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n pe Daddy wọlé láti inú mọ́tò. Bàbá jẹ́jẹ́ kan wọlé, ó ká fìlà mọ́wọ́.

"Nọ́ọ̀sì, kí ni mo ṣe gan-an?"

Mo wo Mummy. Mummy wo ògiri.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan," ni Mummy wí. "Ihò kan ló dí. Èmi ni mo ṣì yín mú. Ẹ má bínú."

"Ihò wo?"

"Ó dilé."

Daddy rò ó díẹ̀. "Ṣé mo lè kúrò ní pálọ̀ báyìí?"

"Ẹ lè kúrò. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ní rọ́bà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ sí mi."

Mo ní mo fẹ́ mú nǹkan, mo jáde lọ rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, bí obìnrin bá ní irú kókó yìí, kí n tó wọ ìbọ̀wọ́, mo máa ń bi í léèrè ẹni tó ti dá lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ronú kí wọ́n tó dáhùn.