Ìlérí Tí Mo Ṣe Níwájú Àwọn Òbí

Mo rántí òórùn búrẹ́dì. Ilé búrẹ́dì kan wà lẹ́yìn ilé ìwé wa ní Agége, àárọ̀ Sátidé sì ni wọ́n máa ń yọ búrẹ́dì tó pọ̀ jù kúrò nínú iná. Òórùn yẹn á gba ojú fèrèsé wọlé, á jókòó sáàárín wa bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Àárọ̀ Sátidé bẹ́ẹ̀ kan ni mo dúró níwájú àwọn òbí bí ọgọ́ta, ìwé olójú ewé méjìlá wà lọ́wọ́ mi, ebi ń pa mí, síbẹ̀ mo gbà lọ́kàn mi pé kò sí ẹni tó mọ̀wé tó mi láti Agége títí dé Ìkẹjà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, ilé ìwé girama aládàáni kan sì gbà mí pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní sáyẹ́ǹsì. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà jẹ́ bàbá Ìjẹ̀bú kan tó fẹ́ràn èdè Gẹ̀ẹ́sì ju bí àwọn tó ni ín ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fanákúlà nínú ọgbà ilé ìwé. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá á kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ṣùgbọ́n tí inú bá ń bí ọ̀gá fúnra wọn, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni wọ́n fi máa ń bú èèyàn, mi ò sì rí ẹni tó ní kí wọ́n lọ kúnlẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ilé ìwé máa ń pe àwọn òbí ọmọ tuntun jọ láti sọ fún wọn ohun tí ọmọ wọn máa kọ́ àti ohun tí ilé ìwé ń retí lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún yẹn, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé èmi ni màá sọ̀rọ̀, torí pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, Gẹ̀ẹ́sì mi ṣì gbóná. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Orí mi wú ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tí mo bá pàdé nínú ìwé ìjọba ni mo rọ́ síbẹ̀, títí kan àwọn tí èmi fúnra mi ò mọ ìtumọ̀ wọn, mo kàn mọ̀ pé wọ́n dùn ún pè ni. Mo yá kóòtù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ̀. Ó fún mi lábíyá débi pé mi ò lè gbé apá sókè kọ nǹkan sójú pátákó.

Àwọn òbí náà wá. Àwọn ìyá tó ń tajà wà níbẹ̀, àwọn bàbá tí gíríìsì ò tíì kúrò léèékánná wọn, àti ọ̀pọ̀ èèyàn láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lọ́nà Ìkẹjà. Mo kàwé fún wọn fún odidi ìdajì wákàtí. Bàbá kan sùn, ó tún hanrun. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi tí mo kọ kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù sí, màá dúró díẹ̀, màá wò wọ́n láti òkè délẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, mo ní ṣé ẹnì kan ní ìbéèrè. Bàbá wẹ́dà kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín," ni bàbá náà wí ní Yorùbá. "Kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tí ẹ ń sọ yìí, ẹ ní gbogbo àwọn ọmọ ló máa ní in kí ọdún tó parí. Ṣé ó máa ń ràn ni? Ṣé wọ́n ti rí oògùn ẹ̀?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń sùn jí, ó bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sì rò nígbà náà pé àìmọ̀wé ló ń yọ bàbá yẹn lẹ́nu. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé èmi ni wọ́n fi ṣẹ̀sín.

Ẹ̀rín náà ò tíì tán nílẹ̀ tí obìnrin kan fi dìde. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bo irun níbi iṣẹ́ ṣì wà lórí ẹ̀, bàtà róbà wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

"Àǹtí, mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ẹ má bínú. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni mo ti ń bọ̀. Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì yín. Ìyá télọ̀ kan ládùúgbò wa ti ní kí n mú un wá kọ́ṣẹ́. Tó bá lọ síbẹ̀, kí ọdún yìí tó parí, á lè rán búbà. Ìyẹn yé mi. Tó bá wá dúró lọ́dọ̀ yín, kí ló máa lè ṣe nígbà yẹn tí kò lè ṣe lónìí?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Mo ṣí ojú ewé kẹta, mo ṣí ìkeje, mo tún padà sí ìkíní. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ti ń dìde láti fi àdúrà ká ìpàdé náà nílẹ̀. Ojú tì mí, ìgbéraga mi ò sì jẹ́ kí n jókòó jẹ́jẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi nìyẹn tó ń sọ Yorùbá sókè níwájú ọ̀gá:

"Mà, kí ọdún yìí tó parí, ọmọ yín á dúró síbi tí mo dúró sí yìí. Á fi Yorùbá ṣàlàyé ohun kan tí mo kọ́ ọ, ohun tó máa wúlò nínú ilé yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ bóyá ó kún ojú ìwọ̀n."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá wẹ́dà súfèé. Obìnrin náà ò pàtẹ́wọ́ ní tiẹ̀. Ó kàn ní, "Ó dáa, mo gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni màá mọ èyí tí màá ṣe," ó sì jókòó.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fún mi ní kúẹ̀rì. Ọ̀gá ní mo fi fanákúlà ba orúkọ ilé ìwé jẹ́. Wọn ò lé mi, torí pé àwọn òbí ti pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní tí ọmọ náà bá fi dójú tì wá lọ́jọ́ ìpàdé ìparí ọdún, kí n kó ẹrù mi, kí n máa bá Gẹ̀ẹ́sì gbígbóná mi lọ.

Mo wá ọmọ náà lọ sí kíláàsì. Ọmọ ọdún méjìlá ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí. Mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo bi í pé kí ló fẹ́ràn jù nínú sáyẹ́ǹsì. Ó ronú sí i dáadáa, ó ní, "Kò sí, mà."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ilé ìwé bá parí, òun àti àwọn ọmọ mẹ́rin mìíràn á dúró tì mí lẹ́yìn kíláàsì, a óò máa sọ Yorùbá wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń jalè. Ibẹ̀ ni àṣírí mi ti tú sí mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà bi mí pé kí ló dé tí ọṣẹ fi ń bó ọ̀rá kúrò lára abọ́, tí omi nìkan ò sì lè ṣe é. Èmi tí mo gba máàkì tó ga jù nínú kẹ́mísírì, mo ní, "Agbára tó wà nínú ọṣẹ ni."

"Agbára wo, mà?"

Mo ní kó lọ gbálẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé mi, mo rí i pé ńṣe ni mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí láti ọdún yìí wá, kò fìgbà kan yé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ìpìlẹ̀ bí ọmọ tuntun. Lọ́dún yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo kàwé jù ní ọdún kìíní girama.

Ní táàmù kẹta, mo kọ́ wọn ní àwọn àmì tí wọ́n ń yà sára nǹkan olóró. Mo ya iná, mo ya agbárí òkú, mo ya ọwọ́ èèyàn tí omi ń kán sí tó sì ń jẹ ẹran ara ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà wá bá mi ní yàrá àwọn tíṣà. Ó ti ya àwòrán ọwọ́ yẹn sórí bébà kékeré kan.

"Mà, ó wà lára kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọnmi nílé."

Mò ń máàkì ìwé. Mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ní ṣé ó ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti da gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára kẹ́ẹ̀gì náà kọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kan èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ó gbé bébà náà síwájú mi, ó ní, "Ẹnu àbúrò mi ń bó, mà. Tó bá san lónìí, á tún bó lọ́la." Mo ka ohun tó kọ. Gègé bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti rí kẹ́ẹ̀gì náà. Ó ní ibi iṣẹ́ màmá òun ni, wọ́n máa ń pín in fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ohun inú ẹ̀ bá tán, gbogbo àdúgbò àwọn ló sì ní in.

Mo tẹ̀ lé e délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo bá màmá ẹ̀ níbi tó ti ń fọ aṣọ, mo ṣàlàyé fún un pé sódíọ̀mù àìdírọ́síàìdì wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ó wò mí.

"Àǹtí, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti ń mumi ẹ̀, ẹ ò rí i pé a wà láàyè?"

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ náà sì tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó fún mi ní omi mu nínú ife. Mi ò mu ún. Bí mo ṣe ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwa méjèèjì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìpàdé ìparí ọdún dé. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan ń yọjú lójú fèrèsé, torí bàbá wẹ́dà ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n wá wo ohun tí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ṣe. Mo pe ọmọbìnrin náà. Ó wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì yẹn lọ́wọ́, omi wà nínú ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ife omi méjì àti bébà àyẹ̀wò tí mo rà fún wọn. Ó dúró. Ọ̀gá wo aago wọn. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi. Màmá ẹ̀ ló ń wò.

"Màmi, bébà pupa nìyí," ló wí. "Tí mo bá tì í bọ omi pọ́ńpù, ẹ wò ó, pupa náà ni. Tí mo bá tì í bọ omi ọṣẹ, á di búlúù. Omi inú kẹ́ẹ̀gì wa ni màá wá tì í bọ̀ báyìí."

Bébà náà di búlúù.

"Kì í ṣe pé ẹ ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Ibi tí a ti ń di kẹ́ẹ̀gì mú yìí, ihò wà nínú ẹ̀, kànrìnkàn ò lè débẹ̀. Ibẹ̀ ló sá pamọ́ sí. Sódà ni, Màmi. Sódà ibi iṣẹ́ yín."

Sódà! Ọ̀rọ̀ yẹn ò ju sílébù méjì lọ. Obìnrin náà dìde bí ẹni tí iná jó. Ó mọ sódà. Ó ti rí ohun tó ṣe sí ọwọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi jókòó nílé ẹ̀ tí mo ń pe orúkọ tí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ ní gbogbo Agége.

Bàbá wẹ́dà ni ó kọ́kọ́ pariwo. "Irú kẹ́ẹ̀gì yẹn wà nílé mi!" Obìnrin kan ní méjì ló wà nílé tòun. Àwọn kan ti ń sáré jáde. Ọ̀gá dìde, gbogbo wa sì rò pé wọ́n fẹ́ bínú nítorí fanákúlà ni. Wọ́n gba ẹ̀yìn jáde wéré. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí wọn lẹ́bàá ògiri tí wọ́n ń da omi nù láti inú irú kẹ́ẹ̀gì kan náà, èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn. Omi tíì wọn ni. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń sọ.

Màmá ọmọ náà gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí i padà, ó wo àwòrán ọwọ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Kò dì mọ́ ọmọ ẹ̀, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá yíjú sí mi.

"Ọdún kejì ńkọ́, Àǹtí? Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?"

Wọn ò lé mi. Wọn ò yìn mí náà. Ọ̀dà pupa wà lára ògiri títí mo fi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá ti ní kí a máa bá àwọn òbí sọ Yorùbá, wọ́n ní èrò àwọn fúnra àwọn ni. Ẹnu àbúrò ọmọ náà san.

Ilé ìwé mìíràn ni mo wà báyìí, ní ìhà Ìkẹjà. Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo rí obìnrin yẹn ní báńkì kan ní òpópónà Allen. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí, kò dá mi mọ̀. Mo ní èmi ni tíṣà ọmọ yín ní Agége, nígbà ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì.

Ojú ẹ̀ tàn. "Háà, kẹ́ẹ̀gì! Ọmọ mi ló fojú ara ẹ̀ rí i o, Àǹtí. Kékeré ló wà. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ó ní òun sọ fún tíṣà kan, tíṣà yẹn ò tilẹ̀ wojú òun."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ nípa àwọn ọ̀sán tí a fi jókòó sẹ́yìn kíláàsì, nípa bébà pupa tí mo lọ fẹsẹ̀ ara mi rà, nípa kúẹ̀rì. Mo pa ẹnu mi dé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí. "Bó ṣe rí nìyẹn."

Ó ní ọmọ náà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì sáré lọ síwájú torí wọ́n ti pe nọ́ńbà ẹ̀. Èmi náà jókòó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tíṣà kékeré, iṣẹ́ ribiribi tí mo ṣe ni mo sì máa ń pè é. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń sọ ọ́ fún wọn, ibi tí ọmọ náà ti mú bébà wá tí mi ò gbójú sókè ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.